Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ ìtàn ayé eléré tíátà kó má kàn dà bí oríkì: ẹ jẹ́ ká fi Hubert Ògúndé ṣe é

Ọ̀pọ̀ ìtàn òṣèré tá à ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n bí i síbí, ó lọ sí iléèwé báyìí, ó ṣe fíìmù báyìí-báyìí, ó gba àwọ́ọ̀dù, ó fẹ́ ìyàwó mélòó kan, ó kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Tẹ́ ẹ bá yọ orúkọ kúrò ńbẹ̀ tẹ́ ẹ fi tẹlòmíì rọ́pò, kò sẹ́ni tó máa fura. Èmi ò ní sọ pé ẹ má pọ́n àgbà lé o, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ èèyàn náà, iṣẹ́ tó ṣe ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ fi òkìkí ẹ̀ sílẹ̀ ná. Ibo ló ti ṣeré, àwọn wo ló wá wò ó, ta ló bínú sí i, àwọn wo ni wọ́n jọ ń di ẹrù sínú mọ́tò lóru láti ìlú kan lọ sí ìkejì, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ayé eléré wà.

Ògúndé ni mo máa lò torí pé ó ṣe orí ìtàgé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá bọ́ sórí fíìmù, ó sì gbayì níbi méjèèjì, bẹ́ ẹ bá sì lè to ìtàn tiẹ̀, kò sí ti eléré kankan tẹ́ ò ní lè tò.

Kẹ́ ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ wá ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i kó di ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ kọ ọdún sí ọ̀nà àkọ́kọ́, eré tó ṣe lọ́dún yẹn sí ìkejì, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú sí ìkẹta. Ìkẹta yìí làwọn èèyàn kì í ṣe, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ wò ó: 1945, eré ni Strike and Hunger, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún yẹn, Michael Imoudu wà lára àwọn tó léwájú, ọjà ti wọ́n, owó oṣù ò tó ná. 1950, eré ni Bread and Bullet, nílùú ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 1949 làwọn ọlọ́pàá yìnbọn sáwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enugu, èèyàn 21 ló kú. 1960, Song of Unity, a gbòmìnira. 1964, Yorùbá Ronú, ilẹ̀ Yorùbá ti dàrú nítorí òṣèlú. 1968, Keep Nigeria One, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. 1976, ó ṣeré lórí Múrítàlá Mohammed, ọdún tí wọ́n pa ọ̀gágun yẹn náà ni. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ ò tíì kọ nǹkan kan o, ìwé yẹn nìkan ti sọ fún yín irú eléré tó jẹ́, pé ohun tó bá ń dun ará ìlú lọ́dún yẹn ló ń gbé lọ sórí ìtàgé, nígbà míì kó tó pé ọdún kan pàápàá. Ẹni tó bá kàn to orúkọ eré sílẹ̀ láì fi ìlú tì í, kò ní rí ìyẹn láéláé.

Ó dáa, ìgbà èwe. Ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Òǹkàwé ò wá torí bóyá ọmọ náà gbọ́n ní kíláàsì. Ohun tó bá padà jáde nínú iṣẹ́ ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ mú. Ọdún 1916 ni wọ́n bí Ògúndé ní Ọ̀sọ́sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá ẹ̀, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi. Bàbá ìyá ẹ̀, babaláwo, ó sì gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà yìí fúngbà díẹ̀. Ó bá àwọn eégún alárìnjó rìn nígbà tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dàgbà tán, ó ṣe tíṣà, ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó sì di 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹ wá mú ìkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa bi í léèrè pé, ìwọ yìí, níbo lo tún ti fojú hàn? Ti ṣọ́ọ̀ṣì fojú hàn ní 1944, nígbà tó ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Alàdúrà kan ní Èkó, orin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi eré kún, ní gbọ̀ngàn Glover, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà yẹn o. Ti alárìnjó fojú hàn nínú ìrìnkèrindò, ìlú dé ìlú. Ti bàbá àgbà babaláwo ò yá jáde, ó tó nǹkan bí ọdún 35 lẹ́yìn Ọgbà Édẹ́nì, ìgbà tó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá nínú fíìmù Aiye, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà nítorí ìlú. Tẹ́ ẹ bá so ó báyìí, ìgbà èwe ẹ̀ ò ní gùn, síbẹ̀ kò sí gbólóhùn kan tó ṣòfò.

Ní ti ọjọ́ ìbí, ẹ máa rí i pé ọ̀kan sọ pé oṣù karùn-ún, ìkejì ní oṣù keje. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹ kọ ọdún, ẹ kọjá lọ.

Ẹ ṣọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà dáadáa. Èyí máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, wọ́n á rò pé ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. African Music Research Party ló kọ́kọ́ pè é ní 1945, ó di Theatre Party, ó tún di Concert Party, nígbà tó di 1960 ó wá di Ogunde Theatre. Orúkọ ò kàn ń yí o, ọjà tó ń tà ló ń yí. Lásìkò Concert Party yẹn, sasofóònù àti ijó òyìnbó ló gbòde, àwọn olórin bíi Bobby Benson ti jẹ́ káwọn ará Èkó fẹ́ràn ẹ̀, òun náà sì kó o wọ inú eré ẹ̀, àwọn kan bínú pé ó ń bà á jẹ́, èmi ò bá wọn bínú torí pé ẹni tó ní èèyàn tó pọ̀ báyẹn láti bọ́, tí ìjọba ò fún un ní kọ́bọ̀, ohun táwọn èèyàn fẹ́ sanwó wò ló máa ṣe. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ń wá nǹkan lórí Google, ẹ tẹ gbogbo orúkọ yìí níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì tẹ orúkọ eré ní sípẹ́lì àtijọ́ àti ti ìsìnyí, Aiye àti Ayé, Jaiyesimi àti Jayésinmi, torí ohun tẹ́ ẹ máa rí pẹ̀lú ọ̀kan, ẹ lè má rí i pẹ̀lú ìkejì.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó. Háà, ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ìtàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní "ó fẹ́ ìyàwó tó ju mẹ́wàá lọ", wọ́n á fi ẹ̀rín sí i, ó parí. Ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣe Tiger's Empire ní 1946, ó polówó pé òun ń wá àwọn obìnrin tóun máa sanwó fún láti ṣeré, wọ́n sì fi orúkọ wọn hàn nínú ìpolówó eré náà gẹ́gẹ́ bí òṣèré, irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ nínú tíátà Yorùbá ṣáájú ìgbà yẹn. Láyé ìgbà náà, ta ló fẹ́ kí ọmọbìnrin òun lọ máa jó níwájú èrò, kó máa sùn nílùú onílùú? Wọ́n kà á sí ìṣekúṣe. Bó ṣe ń fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin ẹ̀ níyàwó, ó dá wọn dúró sínú ẹgbẹ́, ó sì pa àwọn mọ̀lẹ́bí wọn lẹ́nu mọ́. Ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀ dáa? Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ni ọkọ yín, òun náà ni ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, òun ló ń di owó mú, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Nítorí náà ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ má sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ béèrè pé iṣẹ́ wo ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ń ṣe: ta ló ń lé orin, ta ló ń rán aṣọ eré, ta ló ń jókòó ti owó ẹnu ọ̀nà. Clementina tí wọ́n ń pè ní Adéṣẹwà, òun ló bá a lọ London ní 1947 tí wọ́n lọ wo bí àwọn ọ̀hún ṣe ń ṣe tiwọn, òun ni gbajúgbajà nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà, ìjàm̀bá mọ́tò ló sì pa á ní 1970 nígbà tí wọ́n ń lọ ṣeré. Ẹ wo ìwé ọlọ́nà mẹ́ta yín, ẹ máa rí i pé eré tí wọ́n ń pè ní Onímọ́tò, 1971 ló ṣe é. Mi ò ní sọ fún yín ohun tẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀, ẹ kàn kọ ọ́ tẹ̀ léra.

Ibi tí wàhálà bá wà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lo àsìkò jù. Gbogbo eléré gidi ló ní ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ẹ̀ bí ẹnì kan nínú, ọjọ́ yẹn lẹ máa wá. Ti Ògúndé pọ̀. Ní 1946 àwọn aláṣẹ ní Jos ò jẹ́ kó ṣe Strike and Hunger, wọ́n sì gbà owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹ̀. Bread and Bullet náà kan ìṣòro lápá Òkè Ọya. Àmọ́ èyí tó le jù ni Yorùbá Ronú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ dáadáa, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí "ìjọba burúkú fòfin de bàbá wa". Ẹ ṣàlàyé ìdí tí ara fi ń ta oníkálùkù. Wọ́n ti ju Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, sẹ́wọ̀n ní 1963, Akíntọ́lá tó ti jẹ́ igbákejì ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà ni prẹ́míà, ìyẹn olórí ìjọba Western Region, ní Ìbàdàn, àwọn Yorùbá sì ti pín sí méjì. Àwọn ẹgbẹ́ kan tó sún mọ́ prẹ́míà yìí ló pe Ògúndé kó wá ṣeré fún àwọn, ó wá gbé eré ọba kan dé, ọba tí igbákejì ẹ̀ dà á, tó fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́. Níwájú Akíntọ́lá fúnra ẹ̀ o! Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú eré náà, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Prẹ́míà àtàwọn èèyàn ẹ̀ bínú jáde. Kò pẹ́ tí ìjọba fi ní Ògúndé ò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo Western Region, nǹkan bí ọdún méjì ló sì fi rí bẹ́ẹ̀, títí àwọn ológun fi gbàjọba ní 1966 tí Fájuyì, gómìnà ológun Western Region, fi mú òfin náà kúrò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró síbẹ̀ yẹn, wọ́n á ní ó ṣàkíkanjú. Ẹ̀yin ẹ má dúró. Ẹ béèrè pé kí ni wọ́n jẹ láàárín ọdún méjì yẹn? Ilé ẹ̀ tó jẹ́ orísun owó, wọ́n ti tì í mọ́ ọn. Èkó ò sí lábẹ́ Western Region nígbà yẹn, ti ìjọba àpapọ̀ ni, nítorí náà ó lè ṣeré níbẹ̀, ó lè gba Mid-West lọ, ó lè gba Òkè Ọya. Ó tún gbé òmíì jáde tó pè ní Òtítọ́ Korò, kó lè fèsì. Ẹ wá àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà tayé ìgbà yẹn, tó ní region, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù kùn ún, ẹ máa rí bí òfin yẹn ṣe ká a mọ́ tó, kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn tó lè sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Níbo lẹ ti máa rí gbogbo nǹkan wọ̀nyí? Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù, pàápàá ojú ewé ìpolówó. West African Pilot àti Daily Times ìgbà náà, ẹ lè rí àwọn àtijọ́ ní ilé àkójọpọ̀ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn àti láwọn láíbúrérì ńlá. Ìpolówó á sọ ọjọ́, á sọ gbọ̀ngàn, á sọ iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ o, ẹ rántí pé ìpolówó kàn ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni, kò ní kí òjò má rọ̀, kò ní kí ọlọ́pàá má wá, nítorí náà ẹ wo ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta ẹ̀, bóyá wọ́n sọ pé eré náà wáyé. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà wà, Ògúndé kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù gan-an, àwọn orin yẹn sì pọ̀ lórí YouTube. Orin ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí wọ́n ń pè ní opening glee, ẹ gbọ́ ọ dáadáa torí ibẹ̀ ló ti máa ń sọ fún èrò ohun tó bá wá, á kí wọn, á kìlọ̀ fún wọn, eré gan-an ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ bá àwọn àgbà tó bá eléré ṣiṣẹ́, tàbí àwọn tó wò ó lọ́mọdé, ẹ má gbé fóònù síwájú wọn kẹ́ ẹ wá ní "ẹ sọ ìtàn fún mi". Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí wọn kí wọn tán, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà, àwọn ọmọ ńkọ́, ara ò le bí, kẹ́ ẹ tó tọrọ àyè láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tan orin eré náà fún wọn. Ẹ ò ní bi wọ́n ní ìbéèrè kankan mọ́ fúngbà pípẹ́! Tó bá wá kan ìbéèrè, ẹ béèrè ohun kékeré: Bàbá, níbo lẹ máa ń sùn tẹ́ ẹ bá ṣeré tán lóru? Mọ̀mí, ta ló ń dáná fún gbogbo ẹgbẹ́? Mọ́tò yẹn, èèyàn mélòó ló ń gbà? Ẹ má bi wọ́n pé "kí ni ipa tó kó nínú àṣà Yorùbá", ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Ohun tí ẹnì kan bá sọ, ẹ wá ẹnì kejì tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ tún gbọ́ tiẹ̀.

Ó kan fíìmù. Ẹ ṣọ́ra fún "òun ni ẹni àkọ́kọ́". Wọ́n ń pe Ògúndé ní bàbá tíátà Nàìjíríà, ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n alárìnjó ti ń jó kiri láti ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́, òun gan-an tẹ̀ lé wọn lọ́mọdé. Ní ti fíìmù Yorùbá, Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun tó jẹ́ olùdarí fíìmù ṣe pẹ̀lú òṣèré Adé Love, 1976 ló jáde, Aiye ti Ògúndé di 1979, Ọlá Balógun yìí náà ló sì bá a darí ẹ̀. Ìgbà tó wọ fíìmù, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ọgọ́ta o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sọ pé ọjọ́ ti lọ. Jaiyesimi tẹ̀ lé e ní 1980, Àròpin N'Tènìà ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988, orí ìtàgé ni wọ́n sì ti wá, Aiye fún àpẹẹrẹ, 1972 ló ti ṣe é lórí ìtàgé.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wo fíìmù irú eléré báyìí fún ìtàn, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan bí gbogbo èèyàn ṣe ń wò ó, kẹ́ ẹ wá pa ohùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tún un wò. Ojú, ọwọ́, bó ṣe ń rìn wọlé, ibi tó dúró sí láàárín àwọn yòókù. Eléré tó ti fi ọgbọ̀n ọdún bá èrò gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn máa ń fi gbogbo ara sọ̀rọ̀, ẹ lè rí i pé kámẹ́rà ò tíì sọ ọ́ di ẹni kékeré. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó ti àwọn orúkọ tó ń kọjá lọ nígbẹ̀yìn, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, torí àwọn tẹ́ ẹ máa lọ wá nìyẹn.

Ẹ ò ní ṣaláì gbọ́ pé oògùn tó wà nínú Aiye, oògùn gidi ni, pé àjẹ́ fúnra wọn ló wá bá a ṣe é. Ẹ má fi kún ìtàn yín bí òótọ́, ẹ má sì yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ẹ kọ ọ́ pé ohun táwọn èèyàn ń sọ nìyẹn, kẹ́ ẹ tún sọ pé kámẹ́rà lè jẹ́ kéèyàn pòórá tí wọ́n bá dá a dúró kí ẹni náà kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó tún tàn án. Kí ìlú gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn fúnra ẹ̀ jẹ́ ara ìtàn eléré náà.

Bí òpin ayé ẹ̀ ṣe rí, ẹ kọ ọ́ ṣókí. Ìjọba àpapọ̀ ní kó wá dá ẹgbẹ́ eléré àti oníjó orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1986, ó kó ipa kan nínú fíìmù àwọn òyìnbó kan, Mister Johnson, tí wọ́n wá yà ní Nàìjíríà, ó sì kú ní London ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin 1990. Wọ́n gbé e wálé sí Ọ̀sọ́sà.

Ẹ ti kó gbogbo ẹ̀ jọ tán, ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, mo bẹ̀ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná, bóyá alẹ́ tí prẹ́míà jáde láti inú gbọ̀ngàn, kẹ́ ẹ wá padà sẹ́yìn. Nǹkan kan tún wà tó máa ń dààmú èèyàn: ṣé "ó" lẹ máa kọ àbí "wọ́n"? Àgbà ni, ọ̀wọ̀ tọ́ sí i. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ pé "wọ́n fòfin dè wọ́n torí wọ́n bú wọn", ta ló bú ta? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo "ó" látòkè wá, kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo "wọ́n", ẹ máa pe orúkọ ìjọba àti orúkọ ẹgbẹ́ ní gbogbo ìgbà, kó má lọ́ mọ́ra.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú ẹbí tàbí nínú ẹgbẹ́ kó kà á. Tí wọ́n bá ní ọdún yìí ò rí bẹ́ẹ̀, orúkọ yìí ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ tún un wò, ẹ sì yí i tí wọ́n bá gbà á. Tí wọ́n bá ní ẹ yọ ìjà kan kúrò torí ó ń tini lójú, tó sì jẹ́ pé ìwé ìròyìn ti kọ ọ́ látọjọ́ yìí, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ wá fi ohun tí wọ́n sọ tì í. Fọ́tò ńkọ́? Ẹ béèrè ẹni tó ya á, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá dá mọ̀ nínú ẹ̀, àwọn tó dúró lẹ́yìn náà.